Òkúta Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀, àti Ìkòkò Tí Mo Jó ní Thamesmead

Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ bi mí léèrè ìrìn-àjò yìí. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ó ti sin ọkọ méjì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé, àwọn èèyàn kan ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì ṣì máa ń yà fún un lójú ọ̀nà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò bèèrè bí ọkọ̀ òfurufú ṣe rí, kò sì bèèrè ohun tí mo gbé bọ̀. Ó ní, "Kọ́ládé, kí ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún? Ta ló ṣe ọ́ dáadáa? Ta ni ìwọ náà ṣe dáadáa?"

Méjì àkọ́kọ́ kò ṣòro fún mi. Ẹ̀kẹta ni mo fi ń kọ ìwé yìí. N kò kàwé lọ títí, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo dé tí mo dúró. Ẹ má wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Dídé

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa òtútù ìlú London, òótọ́ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ìdákẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ní Woolwich kún dẹ́nu, síbẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Mo kí ọkùnrin tó jókòó tì mí, ó wo àpò rẹ̀ bóyá mo ti mú nǹkan níbẹ̀. Àfi bí ohùn kan ṣe ta láti ẹ̀yìn, obìnrin kan ń bá fóònù rẹ̀ jà: "Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n lè fi ẹja panla rẹ́ jẹ ni? Dá a padà fún un. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o dá a padà." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. N kò tíì rí ẹni tí ń bínú tí inú mi dùn sí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú ọjà Woolwich, mo rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mo rí ata rodo, mo rí iṣu tó ti rìn jù mí lọ. Ará Afugánísítáànì kan ló ń tà wọ́n. Ó kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi," ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣadé, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ni mo wọ̀ sí, ní ẹ̀gbẹ́ pápá gbalasa tí wọ́n ń pè ní Plumstead Common. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń sọ pé ooru ń mú àwọn nígbà tí èmi wọ súẹ́tà lórí súẹ́tà. Iṣẹ́ kéà ni mo lọ ṣe, ìyẹn kí èèyàn máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Àǹtí Ṣadé gbé ẹ̀bà síwájú mi, wọ́n sì kà á sí mi létí:

"Ilé tí o bá wọ̀, má gba ẹ̀bùn. Má jẹ oúnjẹ wọn. Má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Kí o sì máa wo ojú èèyàn tí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ojú àgbà kẹ̀, Àǹtí?"

"Ojú àgbà. Níbí, ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, olè ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

Obìnrin etí omi

Ilé tí wọ́n rán mi lọ wà ní South Thamesmead, nínú àwọn ilé kọnkéré àtijọ́ tó dojú kọ adágún omi Southmere. Wọ́n ti wó lára wọn, wọ́n sì ń kọ́ tuntun lódìkejì omi. Bí èèyàn bá jókòó nínú pálọ̀, yóò máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí ń jẹ ògiri.

Ẹni tó ni ilé náà ni Mísíìsì Lim. Ará Ṣáínà ni àwọn òbí rẹ̀, Màléṣíà ni wọ́n bí i sí. Ó wá sí Woolwich ní ọmọge láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ṣe é títí ó fi di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo wọlé, mo tẹrí ba, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo kí i gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń kí àgbà obìnrin nílé: "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì."

Ó wo ilẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Kí ló bọ́ sílẹ̀ tí o ń wá?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà."

"Gbé orí sókè nígbà náà. Ẹ̀yìn mi kò lè tẹ̀ mọ́, n kò lè máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ."

Mo gbé e díẹ̀. Ojú mi dé àgbọ̀n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Àti Mọ́mì yẹn," ó ní, "jẹ́ kó dúró. Ní wọ́ọ̀dù, Ọbabìnrin ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mọ́mì sàn jù ú lọ."

Bó ṣe di Mọ́mì nìyẹn. Ní àárọ̀, lẹ́yìn tí ó bá wẹ̀ tán, a óò jọ rìn lọ sí etí omi, òun pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn wà níbẹ̀ àti pẹ́pẹ́yẹ oríṣiríṣi. Ìjòyè ni Mọ́mì ń pe gbogbo wọn. "Wo èyí. Òun ló ń gba ti gbogbo wọn jẹ. Tí ó bá rí mi, á ṣe bí ẹni pé ó ń gbàdúrà." Tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, ó máa ń sọ fún mi pé ìjọba kì í sinmi.

Oúnjẹ rẹ̀ ni ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi di bí ẹ̀kọ mímu, tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ẹyin oníyọ̀ sí. Àǹtí Ṣadé ti ní kí n má jẹ oúnjẹ wọn. Ní ọjọ́ tí yìnyín já bọ́, Mọ́mì gbé abọ́ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Èmi náà gbé mọ́ínmọ́ín eléwé lọ fún un. Ó tú ewé rẹ̀ bí ẹni tó ti ń tú u láti kékeré, ó gbé e sí imú, ó ní, "Ata rẹ̀ kéré." Ní ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ata! Mo mọ̀ pé mo ti délé.

Ọba tó jẹ́ obìnrin

Ní òwúrọ̀ kan tí òjò kò jẹ́ ká jáde, mo gbé ìrẹsì rẹ̀ kaná, mo sì bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Ọbabìnrin.

Ó ní ọba kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà láyé ìgbàanì, Wu Zetian ni orúkọ rẹ̀, ẹnu bàbá òun sì ni òun ti gbọ́ ọ. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí wọ́n mú un wọ ààfin, ó di ọ̀kan lára àwọn ìyàwó kékeré ọba ìgbà yẹn. Nígbà tí ọba wàjà, wọ́n kó àwọn tí kò bímọ fún un lọ sí ilé ẹ̀sìn, wọ́n fá orí wọn. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn rẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọba tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ mú un padà wá sí ààfin, ó fi ṣe aya.

Mo ní, "Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń pe ìyẹn ní ṣíṣú opó."

"Lọ́dọ̀ tiwọn, ìtìjú ni wọ́n pè é."

"Ní Ìjẹ̀bú, ẹbí ni yóò jókòó, wọn yóò sì parí ọ̀rọ̀ náà."

"Ó kù díẹ̀ káàtó fún un nígbà náà," Mọ́mì ní. "Ìjẹ̀bú ló yẹ kí wọ́n bí i sí."

Àìsàn dé bá ọkọ, ojú rẹ̀ di bàìbàì, ìyàwó ló wá ń jókòó lẹ́yìn aṣọ títa, tó ń gbọ́ ẹjọ́, tó ń dá a. Ọkọ kú. Ó fi ọmọ rẹ̀ jọba, ó yọ ọ́. Ó fi òmíràn jẹ ẹ́, ìyẹn náà kò dúró. Ní ìgbẹ̀yìn, ó jókòó sórí ìtẹ́ fúnra rẹ̀. Kò ní kí wọ́n pe òun ní ìyá ọba tàbí aya ọba. Ọba ni òun. Mọ́mì ní nínú gbogbo ìtàn Ṣáínà, obìnrin mìíràn kò jẹ ẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn ńlá fi ìdánwò wọ iṣẹ́ ìjọba. Ó gbé àpótí idẹ síta kí ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn lè ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀.

"Wọ́n ní ó pa ọmọ inú ara rẹ̀," Mọ́mì ní, "kó lè dá ẹ̀ṣẹ̀ náà sí orogún rẹ̀ lọ́rùn."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Èmi kò sí níbẹ̀. Ìwọ náà kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó pa èèyàn o, n kò ní purọ́ fún ọ. Àpótí idẹ yẹn, àwọn onírọ́ náà ju ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ orí ló sì bá a lọ. N kò ní kí o fẹ́ràn rẹ̀. Kí o máa bèèrè ẹni tó kọ ọ́ ni mo ní."

Mo ronú kan Ìyá Àgbà. Mo ní, "Nílé, obìnrin tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, àjẹ́ ni wọ́n máa pè é."

"Ibi gbogbo ni. Kìkì pé ní ọsibítù, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ti òkúta fún mi. Nígbà tí ọba yìí darúgbó tó ń ṣàìsàn, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó kú, wọ́n sin ín sí ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Òkúta ńlá wà níbẹ̀ fún ọkọ, ó kún fún ọ̀rọ̀ ìyìn. Òkúta tirẹ̀ náà ga bí ilé, ṣùgbọ́n wọn kò kọ nǹkan kan sí i. Àwọn kan ní ìgbéraga rẹ̀ ni, pé kò sí ọ̀rọ̀ tó tó o. Àwọn kan ní ó fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò mọ ohun tí wọn yóò kọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì?"

"Èmi rò pé gbogbo wọn ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀."

Ìgbà yẹn ni a gbóòórùn ìjóná.

Ìkòkò

Mo sáré wọ ilé ìdáná. Ìrẹsì ti di èédú, èéfín ti gba ibẹ̀ kan. Mo ń ṣí fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí Raymond, ọmọkùnrin Mọ́mì, fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé. Ọkùnrin tó ti hewú ni, ó tó bàbá mi. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní Ańkù Raymond, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ní Áfíríkà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á nítorí ìyá rẹ̀, ó ń gbé lókèèrè, gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ló máa ń rò pé ìyá ti ṣubú.

Ó wo ìkòkò. "Ta ló gbé èyí kaná?"

Mo la ẹnu. Mọ́mì ti dáhùn kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ: "Èmi ni."

Nígbà tí ó lọ tán, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Tí o bá ní ìwọ ni, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èmi ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti ṣìṣe. Wọ́n máa tó wó ilé tó ń gbé. Àwọn onílé ti ṣèlérí ilé tuntun fún un lódìkejì omi, èyí tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ àwọn ìjòyè rẹ̀. Ilé yẹn nìkan ló ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lé lórí. Raymond ní tirẹ̀ fẹ́ kí ó lọ máa gbé ilé ìtọ́jú arúgbó, níbi tí èèyàn yóò ti máa ṣọ́ ọ. Ìkòkò tí mo jó wá di ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀

Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, láti mọ̀ bóyá Mọ́mì ṣì lè dá gbé. Àwa mẹ́rin la jókòó ní pálọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà, ó mu tíì, ó yin àwòrán ara ògiri. Raymond sọ ti iná, ti èéfín, ti bí ilé ì bá ti jó. Ó ní, "Ẹ bi kéà rẹ̀."

Obìnrin náà kọjú sí mi. "Kọ́ládé, ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ṣé ó ṣì lè dá gbé?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nílé yóò mọ ibi tí mo wà. Ọkùnrin tó tó bàbá mi ti sọ̀rọ̀. Ìyá tó tó Ìyá Àgbà ti ní òun ni. Ṣé kí ọmọ àná wá la ẹnu lójú àlejò, kó ní àgbà méjèèjì kò sọ òótọ́? Mo wo kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀."

Nílé, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọmọdé yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Yóò pè é sí kọ̀rọ̀, yóò ní, "Ó yá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Mo jókòó, mo ń retí kí obìnrin náà pè mí sí kọ̀rọ̀. Kò pè mí. Orí tí mo tẹ̀ ba, ó kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Kí n má sì purọ́: ẹ̀rù iṣẹ́ mi náà wà nínú ìwà ọmọlúàbí yẹn. Mọ́mì ń wò mí. Mo mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbójú sókè.

Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní apá Plumstead. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, kí àwọn fi wò ó.

Nígbà tí mo ròyìn fún Àǹtí Ṣadé, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"O wo ilẹ̀?"

"Àǹtí, ṣé kí n pe Raymond ní òpùrọ́ lójú ìyá rẹ̀ ni?"

"Ta ló ní kí o pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́? Wọ́n bi ọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí."

"Ìkòkò kì í ṣe ẹbí, Kọ́ládé. Ìkòkò yẹn, tìẹ ni."

Ilé ìtọ́jú

Mo lọ wò ó níbẹ̀. Ilé náà mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọmọ Ìbàdàn kan wà lára wọn tó ń pe gbogbo àwọn arúgbó ní Dádì àti Mọ́mì. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí wọn. Ṣùgbọ́n kí Mọ́mì má baà ṣubú, wọn kò jẹ́ kí ó dá rìn. Àga ló wà láàárọ̀, àga ló wà lálẹ́. Wọ́n gbé ọ̀dùnkún gígún síwájú rẹ̀, ó fi ṣíbí kọ ilà sí i lójú, kò jẹ ẹ́.

Kò bínú sí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Àwọn ìjòyè mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun, Mà. Mọ́mì, mo fẹ́ lọ sọ bó ṣe rí."

"Pẹ̀lú orí tó wà níbo?"

Mo gbé e sókè.

"Kò tíì tó," ó ní.

Mo gbé e títí mo fi rí ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú bíi ti wa, omi díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí ojú rẹ̀ rí.

Mo tọ obìnrin ọ́fíìsì yẹn lọ, mo ní kí ó pe Raymond wá, nítorí n kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wo Raymond lójú, mo ní, "Ańkù, èmi ni mo gbé ìkòkò yẹn kaná. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀. Mọ́mì kò fọwọ́ kan sítóòfù lọ́jọ́ yẹn. Iyè rẹ̀ pé ju tèmi lọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ nígbà náà?"

"Nítorí pé ẹ jù mí lọ, Sà."

Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn. "Ó ní òun ni," ó ní. "Ìyá mi kì í purọ́."

"Nítorí mi ló ṣe pa á. Kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá fọ́ àwo, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. 'Èmi ni.' Ohùn kan náà ni."

Fèrèsé

Wọ́n dá a padà láti ilé ìtọ́jú, wọ́n sì fún un ní ilé tuntun náà. Iléeṣẹ́ tó gbà mí ní kí n má lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ nítorí ìkòkò, wọ́n fi mí sí ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ní Woolwich. Ẹjọ́ mi ni, n kò bá wọn jà.

Kí n tó padà sílé, mo lọ dágbére gẹ́gẹ́ bí àlejò. Raymond ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Wọlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Mọ́mì wà lójú fèrèsé, omi wà níwájú rẹ̀ títí dé òpin, ẹyẹ ń lọ, ẹyẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n inú àga onítáyà ló jókòó sí. Jíjókòó ilé ìtọ́jú yẹn ti pẹ́ jù. Ẹsẹ̀ tó fi ń rìn lọ bá àwọn ìjòyè rẹ̀ kò bá a padà wálé.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dárí jì mí.

"Ẹsẹ̀ yẹn ti ń wá ọ̀nà àtilọ tipẹ́," ó ní. "Ìwọ kọ́."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àbí irú irọ́ tó pa nítorí ìkòkò ni.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Ìyá Àgbà lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ẹ̀gúsí inú igbá sì ti pọ̀ kí n tó dákẹ́. Kò sọ pé mo ṣe dáadáa, kò sì sọ pé mo ṣe burúkú. Ó ní, "Òkúta ọba obìnrin yẹn, ṣé ó ṣì wà láìní ọ̀rọ̀?"

"Rárá, Mà. Mọ́mì ní àwọn tó wá lẹ́yìn gbẹ́ ọ̀rọ̀ tiwọn sí i lára, nígbà tó ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀ ọ́n."

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró rẹ̀. Obìnrin kan ń kọjá lójú ọ̀nà, ó kí wa láti òkèèrè, ó sì rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Àgbà wò ó títí ó fi lọ tán.

"Wọlé lọ gbé àpótí kan wá," ó ní fún mi, "kí o jókòó síwájú mi. Kí o sì wo ojú mi. Ohun tí mo bá sọ nípa ara mi ni kí o kọ."